Ìkọ́ apínwúwo wo ló yẹ kí a rà fún kárávàànù tí Sequoia yóò máa fà ní agbègbè Iléṣà?

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ máa gbé àyẹ̀wò ojú àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ bá àwọn àgbàlagbà ní àwọn ìlú tó yí Iléṣà ká, láti Ìbòkun títí dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lágbára àtiwọ ọkọ̀ wá sí ilé ìwòsàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi kárávàànù kan ránṣẹ́ sí wa, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń fà kiri láti fi gbafẹ́, tó ní táyà méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ti yọ ibùsùn inú rẹ̀ kúrò, a sì ti fi àga àyẹ̀wò àti tábìlì sí i. Toyota Sequoia ọdún 2010 ni yóò máa fà á.

Ìṣòro wa ni pé nígbà tí a so kárávàànù náà mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń fa nǹkan lẹ́yìn ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ rì wálẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè, iná iwájú ń tàn sára ewé igi dípò ojú ọ̀nà, awakọ̀ wa sì sọ pé sitiáríngì fúyẹ́ lọ́wọ́ òun jù. Wọ́n sọ fún wa pé ìkọ́ tó ń pín ìwúwo, èyí tí wọ́n ń pè ní weight distribution hitch, ni yóò wo ọ̀ràn náà sàn. A wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí oríṣiríṣi: ti oní-ṣéènì, èyí tí kò ní ṣéènì, olówó pọ́ọ́kú àti ọ̀wọ́n gógó. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara kárávàànù sọ pé kò gbọdọ̀ wúwo ju 7,000 pọ́ọ̀nù lọ, ìyẹn bíi 3,175 kìlógíráàmù, bí a bá ti kó gbogbo ẹrù sí i tán. Èwo ni kí a rà? Ṣé ó sì bá irú ọ̀nà wa mu?

Mẹ́káníìkì Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àníyàn àwọn àgbà wa, nọ́ọ̀sì. Lójú tèmi, ẹ má náwó sí ohun tí ẹ kò ní rí ẹni tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Bí ìdí ọkọ̀ bá rì, sípíríǹgì ẹ̀yìn ni kò lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí a fi sípíríǹgì tó le jù bẹ́ẹ̀ sí i, tàbí kí a fi àpò afẹ́fẹ́ ti sípíríǹgì ẹ̀yìn lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á dìde padà. Bí a ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ń fa jẹnẹrétọ̀ ńlá lọ sí òde ayẹyẹ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí nìyẹn.

Tíṣà Físíìsì (Ilé-Ifẹ̀)

Mẹ́káníìkì wa, iṣẹ́ yín dára, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí táyà. Àpò afẹ́fẹ́ á gbé ìdí ọkọ̀ sókè lóòótọ́, àmọ́ kò ní dá ìwúwo kankan padà sórí táyà iwájú, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Láti àárín táyà iwájú Sequoia yẹn dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 3.1. Ká ní bọ́ọ̀lù fi mítà 1.4 jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, tí ẹnu kárávàànù, ìyẹn ibi iwájú rẹ̀ tó ń wọ orí bọ́ọ̀lù, sì gbé 340 kìlógíráàmù lé e. Táyà ẹ̀yìn ni ọkọ̀ á máa yí lé. Ẹ sọ 340 di ìlọ́po 1.4, kí ẹ fi 3.1 pín in, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 150. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi 150 kìlógíráàmù ti kúrò lórí táyà iwájú, ó ti bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn, tí táyà ẹ̀yìn fi wá gbé bíi 490 dípò 340. Táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí sitiáríngì fi fúyẹ́. Bí ẹ bá fi àpò afẹ́fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ìṣirò yìí kò yí padà rárá. Ọkọ̀ á dúró déédéé lójú, ẹ ó rò pé ó ti sàn, táyà iwájú kò sì tíì tẹ ilẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ohun tí ìkọ́ apínwúwo ń ṣe ni pé ó ní ọ̀pá irin méjì tó ń tẹ̀ tó sì ń fẹ́ nà padà. Orí wọn wọ inú ìkọ́ lábẹ́ bọ́ọ̀lù, ìdí wọn sì gùn sẹ́yìn sábẹ́ irin onígun mẹ́ta tó wà níwájú kárávàànù, níbi tí a ó ti fi ṣéènì fà wọ́n sókè tàbí kí a gbé wọn lé orí irin kékeré kan tí a ti dè mọ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ báyìí, wọ́n á máa fi agbára gbé ìdí ọkọ̀, apá kan ìwúwo á padà sórí táyà iwájú, apá kan á sì lọ sórí táyà kárávàànù fúnra rẹ̀.

Bàbá Kárávàànù (Mọ́dákẹ́kẹ́)

Mo gbé ìlú Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì fa kárávàànù dáadáa níbẹ̀. Èmi kò rí i kí ẹnikẹ́ni lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Ìwúwo tí ẹnu kárávàànù wa ń gbé lé bọ́ọ̀lù kì í sábà ju 100 kìlógíráàmù lọ, ẹrù tó wúwo a sì máa wà láàárín, lórí táyà. Ẹ kó ẹrù yín sẹ́yìn díẹ̀, ọmọ mi, kí ẹnu rẹ̀ lè fúyẹ́, ẹ ó sì rí i pé ìdí ọkọ̀ á gbéra nílẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ará Houston (ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Mo bẹ̀ yín, ìmọ̀ràn kíkó ẹrù sẹ́yìn yẹn kò bá kárávàànù tí wọ́n ń sọ yìí mu, ó sì lè gba ẹ̀mí èèyàn. Kárávàànù ti ìlú Ọba fúyẹ́ sí ti Amẹ́ríkà, ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n ṣe láti fúyẹ́, ìkọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń ní ohun tó ń fún bọ́ọ̀lù mọ́ra kó má baà máa yí kiri. Irin iwájú rẹ̀ pàápàá kò nípọn tó láti gba agbára ọ̀pá apínwúwo. Kárávàànù Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ fẹ́ kí ìwúwo ẹnu rẹ̀ wà láàárín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwúwo rẹ̀. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìdí kárávàànù á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù kiri nígbà tí eré bá pọ̀ tàbí tí tírélà kan bá já atẹ́gùn lù ú bó ṣe ń kọjá, ìjurù yẹn á sì máa le sí i títí yóò fi gbé ọkọ̀ tó ń fà á wọ igbó.

Nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun mẹ́ta. Ìwé àlẹ̀mọ́ ara tówúbáà, ìyẹn irin ìfanǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, sábà máa ń ní ìlà méjì, ìkan fún fífà láìsí ọ̀pá apínwúwo, ìkejì fún fífà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé àlẹ̀mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀ ń sọ iye èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìtọ́ni ọkọ̀, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan kì í fẹ́ kí a lo ìkọ́ yìí rárá lára àwọn ọkọ̀ wọn kan, àwọn mìíràn sì ń pa á láṣẹ.

Ní ti irú rẹ̀, èyí tó rọrùn jù lọ ni oní-ṣéènì tí ọ̀pá rẹ̀ rí roboto. Ó ń pín ìwúwo, ṣùgbọ́n kì í dá ìjurù dúró, nítorí náà wọ́n máa ń fi apá irin kan tó ń ha ara kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú tí wọ́n ń pè ní Equal-i-zer kò ní ṣéènì. Ọ̀pá rẹ̀ jókòó lórí irin, bí ó sì ṣe ń ha irin yẹn ló fi ń dí ìjurù lọ́wọ́, iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Blue Ox ń lo ṣéènì, àmọ́ ọ̀pá tó tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa kárávàànù padà sójú ìlà. Andersen kò ní ọ̀pá gígùn, ṣéènì àti rọ́bà líle ló ní. Ó fúyẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n lójú tèmi kì í dá ìwúwo tó pọ̀ padà bíi ti ọ̀pá irin bí ẹnu kárávàànù bá wúwo bíi tiyín. Hensley àti ProPride ni ọ̀gá gbogbo wọn nídìí ọ̀ràn ìjurù, owó wọn sì ga fíofío. Bó bá jẹ́ èmi ni, tí mo mọ̀ pé Iléṣà ló ń lọ, èyí tí kò ní ṣéènì tí ọ̀pá rẹ̀ jókòó lórí irin ni mo máa rà, nítorí pé nǹkan tó lè sọnù tàbí tó lè já lára rẹ̀ kò pọ̀.

Bàbá Kárávàànù (Mọ́dákẹ́kẹ́)

Ará Houston, bí ọ̀ràn ti Amẹ́ríkà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n wo irú bíréèkì tó wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó ra ìkọ́. Bíréèkì tiwa ní ìlú Ọba kì í lo iná mànàmáná: bí ọkọ̀ bá dẹ eré, kárávàànù á ti iwájú, ẹnu rẹ̀ á wọlé díẹ̀, ìyẹn á sì fa bíréèkì. Bí tiyín bá jẹ́ irú bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkọ́ apínwúwo kò ní jẹ́ kí ẹnu yẹn wọlé, bíréèkì kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀nuwá (Ilé-Ifẹ̀)

Kí ló dé tí a fẹ́ máa retí nǹkan láti òkè òkun? Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè gé irin sípíríǹgì láti ara lọ́rì tó ti kú, kó ṣe ọ̀pá méjì, kó sì jó orí rẹ̀ mọ́ tówúbáà. Owó rẹ̀ kò ní tó ìdá mẹ́rin èyí tí ẹ ń sọ.

Wẹ́dà Òṣú

Èmi tí iṣẹ́ náà ń bọ́ ni mo ń dáhùn: ẹ má gbé e wá fún mi, ẹ má sì gbé e fún wẹ́dà kankan. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Wọ́n ti fi iná sun ún, wọ́n sì ti rì í kó tó di pé ó lè tẹ̀ kó sì nà padà. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, ibi tó kàn á gan, kò ní tẹ̀ mọ́, ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ló máa ṣẹ́, kò sì ní fún awakọ̀ ní àmì kankan ṣáájú. Ọ̀pá tó gbé agbára tó tó yẹn, tó bá ṣẹ́ lórí eré, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa lù.

Ohun tí wẹ́dà lè ṣe fún yín ni kó yẹ kárávàànù wò kí ìkọ́ tó dé. Ó gba orí òkun wá, iyọ̀ ti fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kó ha ọ̀dà kúrò ní ibi tí irin onígun mẹ́ta ti pàdé ẹnu rẹ̀, kó fi òòlù kékeré kàn án káàkiri. Irin tó dára á dún gbangan, èyí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ á dún bọ̀ọ̀. Kó wo ojú ìjópọ̀ bóyá ó ti sán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gíga àti fífẹ̀ irin náà, nítorí pé irin àdèmọ́ tí ọ̀pá ń jókòó lé kò bá gbogbo ìwọ̀n mu, ẹ sì wò ó bóyá àgbá gáàsì tàbí àpótí bátìrì kò ní dí i lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ra ìkọ́ tán kí wọ́n tó rí i pé àgbá gáàsì ló jókòó síbi tó yẹ kó wà.

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti wò wọ́n. Bíréèkì kárávàànù jẹ́ ti iná mànàmáná. Ara tówúbáà kọ ọ́ pé láìsí ọ̀pá, 5,000 pọ́ọ̀nù ni ó lè fà, kí ìwúwo ẹnu má sì ju 500 lọ. Pẹ̀lú ọ̀pá, 10,000 àti 1,000. Etí ilẹ̀kùn sọ pé èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju 1,300 pọ́ọ̀nù lọ, ìyẹn bíi 590 kìlógíráàmù. Ìwé ìtọ́ni kò lòdì sí ìkọ́ náà. Ibo ni a ti fẹ́ rí ìwọ̀n tí yóò wọn ẹnu kárávàànù ní Iléṣà?

Awakọ̀ Ọ̀nà Akúrẹ́ (Iléṣà)

Ìwọ̀n pọ̀ nílùú wa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ra kòkó. Àpò kòkó kan ju 60 kìlógíráàmù lọ, ìwọ̀n onípèpéle tí wọ́n sì ń lò lè gbé ọ̀pọ̀ àpò lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹnu kárávàànù kò ní dà á láàmú. Ẹ kó gbogbo ẹrù tí ẹ ó máa lò sínú rẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ fi omi kún táńkì, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní ipò rẹ̀. Ẹ gbé kárávàànù sí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta ti táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ yọ ọkọ̀ kúrò, kí ẹ fi jáàkì rọra sọ ẹnu rẹ̀ lé orí igi tó dúró lórí ìwọ̀n. Ẹnu náà gbọ́dọ̀ wà ní gíga tó máa ń wà nígbà tí ọkọ̀ ń fà á. Bí ẹ bá gbé e ga jù tàbí tí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù, iye tí ẹ ó rí kò ní jẹ́ òótọ́.

Fún gbogbo ìwúwo rẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ìwọ̀n tí lọ́rì ń gùn lé. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ìyá Alásè (Ẹdúnàbọ̀n)

Nọ́ọ̀sì wa, ilé ìdáná tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ni èmi fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òde, oní-ṣéènì ni ìkọ́ mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ọ̀nà wa ṣe ń bá a jà. Apá irin tó ń ha ara fún ìjurù yẹn, ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé kí a tú u bí ọ̀nà bá ń yọ̀. Ẹ wo iye oṣù tí òjò fi ń rọ̀ níbí! Ó tún yẹ kí a yọ ọ́ kí a tó fẹ̀yìn rìn wọ ọgbà ibi tí a ti fẹ́ dáná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tẹ̀. Ọmọọṣẹ́ tó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ti ba iṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà mo fọwọ́ sí èyí tí kò ní ṣéènì tí Ará Houston sọ. Àmọ́ ẹ ra èyí tí agbára rẹ̀ ga jù lọ, èyí tí wọ́n ṣe fún kárávàànù tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ tó 14,000 pọ́ọ̀nù, kí ọkàn yín balẹ̀ pátápátá.

Ará Houston (ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

Ìyá wa, gbogbo ọ̀rọ̀ yín nípa òjò àti ìfẹ̀yìnrìn tọ̀nà. Ti 14,000 yẹn nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Ọ̀pá apínwúwo gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Èyí tó le jù fún ẹrù rẹ̀ kò ní tẹ̀ dáadáa, gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí á máa lọ tààrà sára irin kárávàànù àti tówúbáà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà wa sì ṣe rí, yóò tètè la ojú ìjópọ̀ irin. Ìwúwo ẹnu tí ẹ bá rí lórí ìwọ̀n ni kí ẹ fi yan án, kí ẹ sì fi ìwúwo ohunkóhun tó wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn kún un, nítorí pé ọ̀pá ló máa gbé ìyẹn náà. Kí agbára ọ̀pá fi díẹ̀ ju àròpọ̀ yẹn lọ, kó má fi ìlọ́po méjì jù ú.

Awakọ̀ Ọ̀nà Akúrẹ́ (Iléṣà)

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa kòtò náà. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bí ọ̀nà bá burú, kí a tú ọ̀pá kúrò. Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà nìkan, bí mo bá ń tú u níbi gbogbo tó burú, ìgbà wo ni n ó dé? Ohun tí mo gbà ni kí awakọ̀ dẹ eré.

Ìyá Alásè (Ẹdúnàbọ̀n)

Kì í ṣe kòtò ojú títì ni wọ́n ń sọ, ọmọ mi. Ibi tí iwájú ọkọ̀ á ti máa gòkè nígbà tí ìdí kárávàànù ṣì wà nísàlẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà tó jìn kó tó wọ ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Níbẹ̀, ọkọ̀ àti kárávàànù ń ṣẹ́ po láàárín, ọ̀pá á sì tẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Abúlé tí nọ́ọ̀sì fẹ́ máa lọ, irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹ dúró kí ẹ tó yà kúrò lórí títì, ẹ fi jáàkì gbé ẹnu kárávàànù àti ìdí ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí agbára kúrò lára ọ̀pá, ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ sì rọra wọlé. Láì ṣe ti jáàkì yẹn, ọ̀pá tó ń na ara lè fọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Kò gba àkókò, ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ kan sọ fún yín pé kò pọn dandan.

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

A ti wọ̀n ọ́n. Pẹ̀lú omi kíkún, gbogbo ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 2,720 kìlógíráàmù, ìwúwo ẹnu sì jẹ́ 345, ìyẹn bíi 760 pọ́ọ̀nù.

Tíṣà Físíìsì (Ilé-Ifẹ̀)

345 nínú 2,720 ń lọ sí bíi 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tí ọkọ̀ ń gbé. Ẹnu jẹ́ 345, ìkọ́ onírin fúnra rẹ̀ lè tó 45, awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì méjì yóò tó 210. Àròpọ̀ jẹ́ 600. Ẹ ti kọjá 590 kí ẹ tó fi omi mímu kan sínú ọkọ̀.

Mẹ́káníìkì Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọ̀pá á gbé apá kan ìwúwo ẹnu lọ sórí táyà kárávàànù. Ṣé kò wá yẹ kí ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 345? Bí ẹ bá yọ ọ́, ọkọ̀ kò kọjá ààlà.

Tíṣà Físíìsì (Ilé-Ifẹ̀)

Òótọ́ ni pé apá kan á kúrò. Ṣùgbọ́n iye tó ń kúrò ń yí padà pẹ̀lú bí a bá ṣe fa ọ̀pá tó, ọjọ́ tí ẹ bá sì yọ ọ̀pá láti wọ abúlé, gbogbo 345 náà ló padà sórí ọkọ̀. Mo fẹ́ kí a ka gbogbo rẹ̀. Ààyè tí ó bá ṣẹ́kù, kí ó jẹ́ èrè.

Ará Houston (ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

Mo wà lẹ́yìn Tíṣà. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, táńkì kárávàànù tó tó bẹ́ẹ̀ sì lè gba lítà 150. Bó bá jẹ́ pé iwájú táyà ni táńkì yín wà, ẹ gbé omi díẹ̀ dání, kí ẹ pọn ìyókù níbi tí ẹ bá dé. Ẹ tún ẹnu wọ̀n lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn táyà ló wà, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé dída omi nù á mú kí ẹnu wúwo sí i. Kí àwọn nọ́ọ̀sì wọ ọkọ̀ mìíràn tún dára.

Nọ́ọ̀sì Ìṣọ̀kùn (Iléṣà)

Iwájú táyà ni táńkì wà. Láìsí omi, 2,570 ni gbogbo ìwúwo, ẹnu sì jẹ́ 300, ìyẹn bíi 660 pọ́ọ̀nù. Irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ jẹ́ bíi 60 pọ́ọ̀nù. Ìgbìmọ̀ wa ti gbà pé a ó máa pọnmi níbi tí a bá dé, àwọn nọ́ọ̀sì yóò sì wọ ọkọ̀ kejì.

Ará Houston (ọmọ Ìjẹ̀ṣà)

Ìyẹn jẹ́ 720 pọ́ọ̀nù. Bí a bá fi ìwúwo ẹnu kà á ní pọ́ọ̀nù, Equal-i-zer ní oní-600 àti oní-1,000, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Oní-600 kéré jù fún yín. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní oní-800, òun gan-an ló bá yín mu bó bá dájú pé omi kò ní sí nínú táńkì. Bí ẹ bá rò pé ọjọ́ kan lè wà tí ẹ ó gbé omi dání, 760 pẹ̀lú 60 ti di 820, oní-1,000 ni kí ẹ rà nígbà náà, tówúbáà yín sì gbà á.

Réwáyà Ìmọ̀ (Iléṣà)

Ìkọ́ kì í dá kárávàànù dúró o. Ẹ wò ó bóyá Sequoia ní ihò iná onípíìnì méje lẹ́yìn, níbi tí a ń ki wáyà iná kárávàànù bọ̀, àti ẹ̀rọ ìdarí bíréèkì kárávàànù nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí kò bá sí, ẹ ra irú èyí tó ń fi bíréèkì kárávàànù ṣe déédéé pẹ̀lú bí ọkọ̀ ṣe ń dẹ eré, ẹ má ra èyí tó kàn ń ka àkókò. Ó ní ibi tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ tẹ̀. Bí kárávàànù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù, kí awakọ̀ má tẹ bíréèkì ọkọ̀, kó di sitiáríngì mú gbọnin-gbọnin, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tùlù díẹ̀díẹ̀, kó sì fi ọwọ́ tẹ bíréèkì kárávàànù nìkan. Kó fi ìyẹn dánra wò lórí ilẹ̀ gbalasa kó tó kọrí sí òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Ṣéènì ààbò méjèèjì pẹ̀lú, kí wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ ẹnu kárávàànù kí wọ́n lè gbà á bó bá jábọ́.

Tíṣà Físíìsì (Ilé-Ifẹ̀)

Nígbà tí ìkọ́ bá dé, ẹ mú téèpù ìwọnlẹ̀. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé etí ìbòrí táyà iwájú nígbà tí ọkọ̀ dá wà, kí ẹ tún un wọ̀n nígbà tí kárávàànù bá wà lórí bọ́ọ̀lù láìsí ọ̀pá. Ká ní ó jẹ́ 92 sẹ̀ǹtímítà tẹ́lẹ̀, tó wá di 95. Ẹ so ọ̀pá, kí ẹ máa yí i títí tí yóò fi padà sí bíi 93.5, ìyẹn ìdajì ohun tó gòkè. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan fẹ́ kó padà sí 92 gan-an. Ohun tí ìwé ìtọ́ni yín bá sọ ni kí ẹ ṣe. Kò gbọdọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 92 láé, nítorí pé nígbà náà táyà ẹ̀yìn ni yóò fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ á sì lè yọ̀ lójú ọ̀nà tó tutù.

Wẹ́dà Òṣú

Nípa bọ́ọ̀lù: ẹ wo nọ́ńbà orí ẹnu kárávàànù kí ẹ tó rà á. Oní-2 ínṣì àti oní-2 5/16 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lójú, kékeré á sì wọ inú ẹnu ńlá, á dàbí ẹni pé ó ti dè, kòtò àkọ́kọ́ ló máa tú u. Nọ́ọ̀tì bọ́ọ̀lù tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1 1/4 ń fẹ́ kí a fi agbára tó tó 450 ẹsẹ̀-pọ́ọ̀nù dè é, sípánà tọ́ọ̀kì ló sì ń ka agbára yẹn. Ọwọ́ lásán kò lè dé ibẹ̀. Àwọn tó ń tún lọ́rì ṣe ní irú sípánà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gíríìsì sí orí bọ́ọ̀lù, ẹ má fi sí ibi tí wọ́n ṣe láti máa ha ara fún ìjurù àfi bí ìwé rẹ̀ bá gbà á láàyè. Bí ẹ bá ti fà á dé Ìbòkun lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún kí ẹ tó padà.